Ta Ló Yẹ Kó Gbé Fáìlì Bàbá?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí nínú wa. Wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, àwa náà sì ń fi í dá àwọn àgbà lóhùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà nínú òwe náà tí a kì í sábà bi ara wa: ta ló pe ọmọdé àti àgbà jókòó pọ̀? Torí ká gbọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ò lè dá ìlú kankan. Bí ọlọ́gbọ́n méje bá wà ládùúgbò kan, tí oníkálùkù ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọn ò sì mọ ohun tí ẹnìkejì ń rò, ẹni tó bá níṣòro níbẹ̀ yóò kàn máa rìn láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn ni, títí agara yóò fi dá a.

Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa àti jẹjẹrẹ prostate la fẹ́ fi òwe yìí wò lónìí. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ abẹ́ ṣòkòtò ni, a sì mọ̀ pé ọ̀dọ́ lẹ̀yin tí ẹ ń kà wá. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Kókó kékeré kan ni prostate, kò tó àgbálùmọ̀. Abẹ́ àpò-ìtọ̀ ọkùnrin ló wà, ó sì yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà ká. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, ó máa ń wú, lọ́pọ̀ ìgbà ìwú lásán ni. Nígbà mìíràn sì rèé, jẹjẹrẹ ni. Òun ni jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin jù lọ ní Nàìjíríà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ka iye wọn dáadáa, ọkùnrin kan nínú mẹ́jọ ni yóò ní in láyé rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkùnrin adúláwọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Àwọn bàbá wa tó wà ní Peckham wà nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo bàbá kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ẹni ọdún 68. Kì í ṣe bàbá ẹnì kan pàtó, àmọ́ ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru. Ó ní àgbà ló dé. Ìtọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó bí ẹ̀rọ omi tí kò fẹ́ dà. Alágbo tó bá sọ̀rọ̀ ní àtọ̀sí ni. Ojú tì í, torí gbogbo ayé ló mọ irú ọkùnrin tí wọ́n ń sọ pé ó kó àtọ̀sí, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ra agbo, ó mu ún. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ẹnì kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó dín ṣúgà kù. Ẹlòmíràn ní lákúrègbé ni, ó fún un ní ìpara. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìtọ̀ há pátápátá. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà nítòsí, wọ́n fi rọ́bà sí i, ìtọ̀ dà, ara rọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sí Òṣogbo.

Láti ibẹ̀ ni ìrìn ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èsì ní nǹkan kan wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí ìwú lásán, torí náà wọ́n ní kó lọ ṣe scan. Lẹ́yìn scan, wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n kó o sínú ìgò kékeré, wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí lábù. Ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé ara bàbá rẹ̀ lé itan. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ tí wọ́n mú un lọ, dókítà tó ní kí wọ́n ṣe é ò sí níbi iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ ò mọ ìtàn náà, ó ní kí Bàbá tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó máa nílò ìtànṣán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá nílò ìtànṣán ní agbègbè yìí, UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó ló máa ń forí lé. Bàbá gbé fáìlì rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó dì í mọ́ra, ó tún wọkọ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ pé gbogbo àwọn tó rí i ló mọṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé gbogbo wọn ló fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ gbogbo ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni náà sì ni aláìsàn. Òun ló ń so dókítà kan mọ́ èkejì. Òun ló ń rántí oògùn tí wọ́n fún un lóṣù tó kọjá. Iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ pípa ìmọ̀ àwọn onímọ̀ pọ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni wọ́n gbé e fún.

Ìbéèrè wa nìyí: ṣé ó tọ́? Àwọn kan á ní ètò iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti àìtọ́. Wọ́n á ní bí owó bá wà, ètò á dáa. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tó bá gba aláìsàn wọlé ti jẹ ẹ́ ní gbèsè kan ju pé kó ṣe ìpín tirẹ̀ dáadáa. Ó jẹ ẹ́ ní gbèsè pé òun àti àwọn yòókù tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí mẹ́kánííkì bá tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa, tí onírẹ́wáyà tú wáyà rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí àwa tí a ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ máa sọ fún èkíní ohun tí èkejì ṣe, a ò ní san owó wọn. Ọkọ̀ lásán nìyẹn o.

Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn níbòmíràn. Ní ọdún 1995, Kenneth Calman tó jẹ́ olórí dókítà ìjọba ní England àti Deirdre Hine tó wà ní irú ipò yẹn ní Wales gbé ìròyìn kan jáde nípa ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ohun tó mú un wá ò ṣòro lóye: ìtọ́jú tí èèyàn ń rí gbà sinmi lórí ibi tó ń gbé àti dókítà tó bọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n ní kó má rí bẹ́ẹ̀ mọ́, kí àwọn tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra máa jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Lónìí, nínú àwọn ilé ìwòsàn wọn, ó ti di ìpàdé ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń ka àwòrán scan, àti ẹni tó wo ẹran ara náà lábẹ́ maikirosikóòpù. Nọ́ọ̀sì kan wà tó mọ aláìsàn náà lórúkọ, òun náà ní ẹnu nínú ìpàdé. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á jiyàn, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, nọ́ọ̀sì yẹn á sì gbé e lọ bá onítọ̀hún. Nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí nìdí tí ẹnì kan ò fi lè dá a ṣe? Ìdí kan ni pé kálukú ló ń wo àìsàn láti ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ abẹ á kọ́kọ́ ro abẹ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán á kọ́kọ́ ro ìtànṣán. Ìyẹn kì í ṣe ìwà burúkú. Bí ìmọ̀ ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn, babaláwo àti oníṣègùn ayé àtijọ́ náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Láàárín ọdún 1999 sí 2009, àwọn olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ prostate wọn ò tíì jáde kúrò nínú kókó náà, tí wọ́n sì gbà kí wọ́n pín àwọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n fi ìtànṣán wo apá kejì, wọ́n sì ń ṣọ́ apá kẹta lójú méjèèjì láìtíì fọwọ́ kan wọn. ProtecT lorúkọ ìwádìí náà. Nígbà tí èsì ọdún 15 jáde ní 2023, nǹkan bí mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ náà ti pa, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí àwọn ọkùnrin náà ṣe ń gbé ayé. Iṣẹ́ abẹ ló ba ìtọ̀ àti okun ọkùnrin jẹ́ jù. Ìtànṣán da inú àwọn kan láàmú. Àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, àìsàn náà tàn kálẹ̀ lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ má ṣi èyí lò o. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ funfun tán, wọ́n sì tètè mọ̀. Bàbá wa ní Ìfọ́n pẹ́ kó tó mọ̀. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fà yọ ni pé nígbà tí ọ̀nà mẹ́ta bá ń gbé èèyàn dé ibi tó jọra, ìbéèrè tó kù ò sí lọ́wọ́ dókítà kankan mọ́. Ìbéèrè náà ni: irú ayé wo ni ẹ fẹ́ gbé, sà? Ṣé ẹ lè gba kí ìtọ̀ máa jò yín lára? Kí ni ìyàwó yín wí? Ẹni tó máa béèrè irú nǹkan wọ̀nyí ní láti ní àyè àti sùúrù, kó sì ti gbọ́ tẹnu gbogbo àwọn yòókù kó tó lanu.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé, torí ọ̀pọ̀ bàbá wa ló jẹ́ pé ìgbà tí àìsàn ti tàn kálẹ̀ ni wọ́n ń dé ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1941, dókítà kan ní Chicago, Charles Huggins, fi hàn pé èròjà ọkùnrin tó ń wá láti inú kóró ẹpọ̀n ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ bí oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá tán, àìsàn á rọlẹ̀ fún ìgbà kan. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Títí dòní, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà gé oúnjẹ náà. Wọ́n lè yọ kóró ẹpọ̀n méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n sì lè máa fún un ní abẹ́rẹ́ lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, bóyá títí lọ. Abẹ́rẹ́ wọ́n. Abẹ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni.

Ẹ fi ara yín sípò bàbá náà. Ó jókòó síwájú dókítà tí ogún èèyàn mìíràn ń dúró dè níta. Wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní òun á lọ ronú. Ó lọ sílé, kò padà wá mọ́. Dókítà á kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn kọ ìtọ́jú. Ṣé òótọ́ ló kọ ìtọ́jú? Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ohùn rẹ̀ ò ní yí padà di ti obìnrin. Kò sí ẹni tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bá a ṣírò iye tí abẹ́rẹ́ ọdún kan máa ná an, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà nílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ tàbí ti prostate, àmọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ bóyá Bàbá lè rí nǹkan gbà níbẹ̀ ò sí nínú yàrá yẹn. Ìpinnu tó yẹ kí èèyàn mẹ́fà ràn án lọ́wọ́ láti ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un láti dá ṣe é.

Àìsàn náà ò sì ní dúró dè é. Bí jẹjẹrẹ yìí bá wọ eegun ẹ̀yìn, ó lè fún okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn pa. Ẹsẹ̀ á máa rọ, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ lè máa jáde láìmọ̀. Pàjáwìrì gbáà ni, ọjọ́ díẹ̀ péré ló lè wà láàárín ẹni tó máa tún rìn àti ẹni tí kò ní rìn mọ́. Nílé, wọ́n á ní ẹ̀gbà ni. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Bí nọ́ọ̀sì kan bá wà tó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé, "Mà, bí ẹsẹ̀ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an," ìtàn náà lè yàtọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní nǹkan olówó nìyí. Àwọn dókítà ti japa, àwọn tó kù ò rí oorun sùn, ẹ tún ní kí wọ́n wá ṣèpàdé. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a ò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ gbé e yẹ̀ wò: níbi tí nǹkan bá ti wọ́n, ṣé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣọ́ ọ lò? Ìrìn àjò Ìbàdàn tí Bàbá rìn lásán torí pé ìwé kan ò pé, àkókò dókítà náà ló ṣòfò níbẹ̀. Èsì tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì torí pé àkọ́kọ́ sọnù, owó ni. Ẹ̀rọ ìtànṣán wọ́n lóòótọ́. Ìpàdé wákàtí kan lọ́sẹ̀ ò nílò ju tábìlì, dátà, àti ẹnì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe àwọn yòókù. Àwọn dókítà ọmọ Yorùbá tó wà ní Manchester àti Birmingham ń jókòó sí irú ìpàdé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí bàbá onílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa gbà láti fi wákàtí kan lórí Zoom ṣe é fún bàbá tiwọn, bí ẹnì kan bá pè wọ́n.

Ìkejì, wọ́n á ní ohun tí gbogbo èèyàn bá jọ ni, ẹnikẹ́ni ò ni ín. Bí dókítà méje bá jọ ni aláìsàn, ta ni yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́? Èyí ni àríyànjiyàn tó lágbára jù lójú tiwa. Ìgbìmọ̀ lè di ibi tí èèyàn ń sá pamọ́ sí. "Ìgbìmọ̀ ló pinnu" rọrùn láti sọ ju "èmi ni mo pinnu" lọ. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé nìkan ò fi tó. Orúkọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lára fáìlì náà, ẹni tí Bàbá lè pè, tí kò sì ní lè sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ òun.

Ìkẹta, ìtìjú. Ọkùnrin tí kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbà kí èèyàn mẹ́fà jókòó sórí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe àwọn bàbá wa nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, gbogbo ayé gbọ́ pé Lloyd Austin, mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà, ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ prostate ní oṣù kejìlá tó ṣáájú, tó sì padà dèrò ilé ìwòsàn, láìjẹ́ kí ààrẹ tó ń bá ṣiṣẹ́ mọ̀. Olórí ọmọ ogun tó lágbára jù láyé nìyẹn, ojú tì í. Desmond Tutu ní South Africa ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn: láti ìgbà tí wọ́n ti rí i lára rẹ̀ ní 1997, ó ń sọ ọ́ ní gbangba kí àwọn ọkùnrin mìíràn lè lọ yẹ ara wọn wò. A ò ní kí gbogbo bàbá di Tutu. Ohun tí a ń sọ ni pé àṣírí tí èèyàn mẹ́fà tó mọṣẹ́ ń pa mọ́ fún un sàn ju ìtàn tó ní láti máa tún sọ fún àjèjì tuntun ní gbogbo ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọ̀rọ̀ kan àwa ọmọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ti wà tẹ́lẹ̀: group ẹbí lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston fi ohun tó kà lórí Google ránṣẹ́. Àǹtí mú àálífà kan wá. Àbúrò gbọ́ nípa agbo kan ní Ìwó. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń borí. Lórí gbogbo rẹ̀, ẹnì kan á kọ ọ́ pé, "Ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ o, ọkàn wọn ò ní gbà á." A dọ̀bálẹ̀ fún un tán ní iwájú ilé, a wá lọ pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? Bí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà bá wà, tí Bàbá ò ní àga níbẹ̀, àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe, aṣọ funfun nìkan ni wọ́n fi bò ó. Ọ̀nà wà láti sọ òtítọ́ fún àgbà. Àwọn àgbà gan-an ló kọ́ wa bí a ṣe ń fi òwe sọ ohun tó bá wúwo.

Ìfọ́n àti Ìlobùú jọ pààlà, wọ́n sún mọ́ ara wọn gan-an. Ìfọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, Ọbàtálá tí wọ́n ní òun ló ń mọ ara èèyàn. Ìlobùú ni wọ́n ti mọ Ẹ̀rìnlẹ̀ jù, ọdẹ tó tún jẹ́ olùwòsàn. Ẹni tó mọ ara wà níbí, ẹni tó ń wò ó sàn wà lọ́hùn-ún. Àmọ́ nígbà tí ìjà ilẹ̀ láàárín Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹrìn-Ọ̀ṣun gbóná ní ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti fi òfin kónílé-ó-gbélé de àwọn ìlú náà. Ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀ kọ́ ló gbé wa débí. Ohun tí a mọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ò mọ̀ pé ìlú ń jà. Rọ́bà ìtọ̀ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin Ìlobùú àti ọkùnrin Ìfọ́n tí wọn ò lè kí ara wọn lọ́jà, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n á jókòó sí ní Òṣogbo, kálukú pẹ̀lú fáìlì rẹ̀ nínú ọ̀rá.

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Orólú. Bí àwọn méjèèjì bá lè jọ san owó oṣù nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì pé kó mọ gbogbo ọkùnrin tó ní àìsàn yìí ní ìlú méjèèjì, kó mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ wọn, kó gbé ọ̀rọ̀ wọn dé iwájú àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọ̀ṣun ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn, kó sì padà wá sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, a ti bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́ àwọn alágbo àti àwọn oníkẹ́míìsì pẹ̀lú, torí ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn bàbá wa ń kọ́kọ́ lọ. Kó sọ fún wọn pé ọkùnrin tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán tótó, kí wọ́n má pè é ní àtọ̀sí kí wọ́n sì tà á ní agbo. Kí wọ́n darí rẹ̀ sọ́dọ̀ òun.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, ẹ pe bàbá yín lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tàbí kí wọ́n bínú díẹ̀, ẹ ní sùúrù. Bí àìsàn bá ti wà nílẹ̀, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ gbogbo ọjọ́, gbogbo èsì àti gbogbo oògùn sí i, kí Bàbá lè sinmi níbi rírántí. Bí àwọn tó ń wá ìbò bá sì dé Ìrẹ́pọ̀dùn tàbí Orólú, tí wọ́n ní àwọn máa kọ́ ilé ìwòsàn tuntun, ẹ gbà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá bi wọ́n pé: nínú ilé náà, ta ló máa gbé fáìlì?